Ẹ Bi Wá: Ṣé Ọjọ́ Orí Nìkan Ló Ń Mú Àgbà Ṣarán?

Ìyá wa, ẹni ọdún 74, máa ń béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí ọbẹ̀ tó jinná. Lóṣù tó kọjá, wọ́n ṣìnà nínú ọjà tí wọ́n ti ń ná láti ìgbà èwe. Ẹ̀gbọ́n mi ní àgbà ló dé, àwọn ará ilé ní ọwọ́ ayé ni. Kí ni dókítà máa ṣe bí a bá gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn UCH? — Ọmọ Màmá, Ìbàdàn

Ẹ gbé wọn lọ. Àgbà lè gbàgbé orúkọ èèyàn, kó tún rántí nígbà tó bá yá. Ṣùgbọ́n kí èèyàn ṣìnà nínú ọjà tó mọ̀ bí ẹni mowó, ìyẹn kọjá ọjọ́ orí. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ayé yẹn, ẹ pa á tì kíákíá: bí wọ́n bá fi ààwẹ̀ febi pa Màmá nílé àdúrà, iyè wọn á túbọ̀ dàrú ni.

Ẹni tó ń bá wọn gbé ni kó mú wọn lọ, kì í ṣe ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé. Dókítà á bi Màmá léèrè, á sì bi ẹni náà. Wọ́n lè ní kí Màmá dárúkọ ẹranko tí wọ́n bá rántí láàárín ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n sọ ibi tí ọjà wà. Ẹni tí kò kàwé lè ṣe é. Ẹ kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò dání, títí kan àgbo. Ẹ kọ oṣù tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, àti ohun tó kọ́kọ́ bàjẹ́: owó kíkà ni, tàbí oúnjẹ sísè?

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló kàn: ṣúgà, kíndìnrín, thyroid (ẹ̀yà ara kan ní ọrùn), vitamin B12, HIV, syphilis. Wọ́n tún lè ní kí wọ́n ya àwòrán orí, CT. Ibí ni ẹbí ti máa ń fẹ́ dín owó kù, bẹ́ẹ̀ ibí gan-an ni kò yẹ kí wọ́n dín in. Thyroid tó rẹlẹ̀, B12 tó kéré, ìbànújẹ́ ọkàn tó wọra, ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú orí lẹ́yìn ìṣubú: gbogbo wọn ló lè jọ ṣíṣarán, gbogbo wọn ló sì ní ìtọ́jú. Ìgbà tí wọ́n bá yọ ìwọ̀nyí kúrò ni dókítà tó ń dárúkọ Alzheimer, àrùn ọpọlọ tó ń ba iyè jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni orí wọn dàrú, ẹ má dúró de ọjọ́ kílíníìkì. Ibà, àrùn ilé ìtọ̀, omi ara tó gbẹ tàbí oògùn tuntun ló sábà máa ń fa irú ìyẹn. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé wọn lọ.

Wọ́n ní Alzheimer kì í mú Yorùbá. Ṣé òótọ́ ni? — Ìyá Ìbejì, Indianapolis

Irọ́ ni, ṣùgbọ́n ìlú yín wà nínú ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1992 ni àwọn olùwádìí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn àti ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Indiana bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ṣe ìwádìí kan náà ní ìlú méjèèjì: láàárín àwọn ará Ìdíkàn n'Íbàdàn, àti àwọn adúláwọ̀ Indianapolis, ẹni ọdún 65 sókè. Wọ́n padà lọ bá wọn léraléra kí wọ́n lè mọ ẹni tí iyè rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rà. Àbájáde tó jáde ní 2001 fi hàn pé nínú 1,000 àgbàlagbà, bíi 11 sí 12 ni Alzheimer ń mú lọ́dún n'Íbàdàn, bíi 25 ní Indianapolis. Ó dín, kò tán.

Ohun tó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu ni pé àbùdá (gene) kan tó ń jẹ́ APOE e4, tó ń fi kún ewu Alzheimer fún òyìnbó, wà lára Yorùbá náà, síbẹ̀ agbára rẹ̀ kò tó nǹkan n'Íbàdàn. Ìyẹn ló mú kí wọ́n yíjú sí oúnjẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ má gbára lé ibi tí wọ́n bí yín sí.

Bàbá mi ń lo donepezil, oògùn Alzheimer, wọn kì í sùn lóru. Piriton ni mo ń fún wọn. Èébì ti wá dé báyìí. — Àbíkẹ́, Abẹ́òkúta

Ẹ dá Piriton dúró. Kẹ́míkà kan nínú ọpọlọ, acetylcholine, ni donepezil ń gbìyànjú láti fi pamọ́. Piriton ń dí i lọ́wọ́. Ọ̀kan ń kó wọlé, èkejì ń kó jáde.

5 mg lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ donepezil. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí dókítà tó gbé e dé 10 mg. Bí wọ́n bá yára gbé e sókè, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ló ń tẹ̀lé e. Oògùn yìí kan náà lè fa àlá burúkú àti àìsùn, nítorí náà ẹ bi dókítà bóyá kí wọ́n máa lò ó láàárọ̀. Bí Bàbá bá dákú tàbí tí ọkàn wọn ń lù díẹ̀díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀.

Fún oorun: ẹ jẹ́ kí oòrùn àárọ̀ ta sí wọn lára, kí oorun ọ̀sán má kọjá ìdajì wákàtí, kí obì tán lẹ́nu wọn lẹ́yìn ọ̀sán. Bí oògùn ìtọ̀ bá wà, ẹ bi dókítà bóyá àárọ̀ ni kó jẹ́. Ẹ jẹ́ kí iná kékeré wà lójú ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹ sì rán nọ́ńbà fóònù yín mọ́ inú aṣọ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn láwọn nìkan. Bí iná bá sọ, wọn ò ní rí ọ̀nà jáde.