Fídà ọmọ kì í gba gọ́ọ̀mù: ẹ wọ àwọ̀n fún un

Ìyá Ìbejì, ẹ ní ẹ fẹ́ fi àwọn fídà àtijọ́ ṣe nǹkan ẹ̀ṣọ́, àmọ́ gbogbo ọ̀dà àti ankara tí ẹ lẹ̀ mọ́ wọn ló ń ṣí. Ọwọ́ yín kọ́ ló burú. Ẹ dojú fídà náà délẹ̀, kí ẹ wo nọ́ńbà tó wà nínú àmì onígun mẹ́ta ní ìdí rẹ̀. Bó bá jẹ́ 5, polypropylene ni, ike yẹn kì í sì í gba gọ́ọ̀mù. Mo ti fi sáńpépà ha á, mo ti yọ́ gọ́ọ̀mù gbígbóná sí i lára. Bí ooru bá ti mú, ó ti ṣí nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ tó jẹ́ sílíkọ́ọ̀nù tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń hun àwọ̀n ìlẹ̀kẹ̀ sí i lára, bí wọ́n ṣe ń hun ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sára akèrègbè. Àwọ̀n kò nílò gọ́ọ̀mù. Ẹ so okùn yí ọrùn fídà ká, lábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń dé ìdérí. Ẹ ṣẹ́ òwú gígùn po sí méjì, ẹ fi kọ́ okùn ọrùn yẹn, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ yí i ká. Ẹ wá ki ìlẹ̀kẹ̀ sí i, ẹ mú ẹyọ òwú kan níbí àti ẹyọ kan lára èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ta wọ́n ní kókó. Bẹ́ẹ̀ lẹ ó ṣe máa sọ̀ kalẹ̀ títí dé ìdí, níbi tí ẹ ó ti kó gbogbo òwú jọ, tí ẹ ó dì í.

Òwú àwọn apẹja ni kí ẹ rà. Okùn ọ̀rá tó ń dán máa ń yọ̀, kókó rẹ̀ á tú, ìlẹ̀kẹ̀ á sì di ohun tí ọmọ ń gbé mì. Kí àwọ̀n náà dẹ̀ díẹ̀. Bó bá fún mọ́ ọn lára, kò ní dún. Fídà tó ní ìbàdí tẹ́ẹ́rẹ́ ló dára jù, torí ìlẹ̀kẹ̀ á ráyè fò níbẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí kí ohùn rẹ̀ lè jáde. Kò lè dún bíi ti akèrègbè o, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Ti gíláàsì ló ní ohùn gidi, àmọ́ ta ni yóò gbé gíláàsì fún ọmọdé jì?

Àwọn kéékèèké tó ń gba 120 ml, òwú kírósì ni mò ń kó sínú tiwọn. Mo máa ń fi abẹ la ẹnu rẹ̀ díẹ̀, kí n fa òwú gba ibẹ̀. Kì í lọ́ mọ́ra wọn, kì í yí lọ sábẹ́ àga.

Èyí tó le, tó mọ́ gaara, tí wọ́n kọ 7 tàbí PC sí nídìí, ankara á lẹ̀ mọ́ ìyẹn dáadáa. Ẹ má kàn kó oúnjẹ sínú rẹ̀: irú wọn àtijọ́ ló ní BPA, kẹ́míkà kan tí wọ́n fi ń ṣe ike náà, èyí tí Kánádà fòfin dè nínú fídà ọmọ ní 2010, tí ilẹ̀ Yúróòpù ṣe tiwọn ní 2011, tí Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní 2012.

Aláàdìrẹ kan sọ fún mi pé ìlà ara fídà dára fún wíwọn kọ́síìkì, kẹ́míkà tó ń jóni lára tí wọ́n ń pò mọ́ aró. Mo kọ̀. Ọmọ tó bá mọ fídà yóò gbé e sẹ́nu, ohun yòówù tí ẹ bá kọ sí i lára.