Aṣọ ìnujú Louis Armstrong nínú àpótí bàbá wa

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èkó ni bàbá wa ti ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó padà sílé ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Lẹ́yìn ìsìnkú wọn, a rí aṣọ ìnujú funfun kan nínú àpótí wọn, fọ́tò Louis Armstrong, olórin jáàsì ọmọ Amẹ́ríkà nì, tí ìbuwọ́lùwé wà lára rẹ̀, àti rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ mélòó kan. Bàbá máa ń sọ pé Armstrong fúnra rẹ̀ ló ju aṣọ náà sí àwọn. Ó ti pọ́n, ó sì ní àbàwọ́n. Ṣé ká fọ̀ ọ́, ká láamínéètì fọ́tò náà? Báwo la ṣe máa mọ̀ pé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọ̀ ọ́. Àbàwọ́n yẹn lè wà lára ẹ̀rí. Ẹ má sì láamínéètì fọ́tò: ike á lẹ̀ mọ́ ọn pátápátá, kò ní ṣeé ṣí mọ́.

Armstrong wá sí Nàìjíríà ní oṣù kẹwàá ọdún 1960, oṣù tí a gba òmìnira, aṣọ ìnujú funfun kì í sì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá ń fọn fèrè lórí ìtàgé. Ohun tí bàbá sọ ṣeé ṣe. Àmọ́ aṣọ funfun pọ̀ láyé, ẹlẹ́rìí ni yóò yà á sọ́tọ̀. Bí ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ bàbá kan bá ṣì wà, ẹ lọ bá wọn lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ gba ohùn wọn sórí fóònù: ibo ni eré ti wáyé, ta ni wọ́n jọ lọ, báwo ni aṣọ ṣe dé ọwọ́ bàbá? Ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Ẹ tú lẹ́tà àti tíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ wò pẹ̀lú. Ó máa ń dùn mí gan-an bí wọ́n bá gbé irú ẹrù báyìí wá lẹ́yìn tí ẹni tó mọ ìtàn rẹ̀ ti kú.

Ní ti ìbuwọ́lùwé, ẹ fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó. Bó bá jẹ́ tótòtó kéékèèké ló para pọ̀ di ìlà, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ yíǹkì, ó ku ká mọ̀ bóyá ọwọ́ tirẹ̀ ni. Ilé tó gbé láti 1943 títí tó fi kú ní 1971, ní Queens, New York, ti di Louis Armstrong House Museum, ìwé tó fọwọ́ kọ sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹ fi àwòrán tó mọ́ kedere ránṣẹ́ sí wọn, kẹ́ ẹ bi wọ́n.

Ẹ fi bébà funfun tí wọn ò kọ nǹkan sí wé aṣọ àti fọ́tò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó má kan ilẹ̀ tàbí ògiri, torí ọ̀rinrin òjò Èkìtì. Káńfọ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ fọ́tò. Ìnàró ni kẹ́ ẹ to rẹ́kọ́ọ̀dù.