Ohun tí ọ̀pá gọ́ọ̀fù tuntun olówó ńlá fi ojú mi rí

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ọdún méjì lẹ ti ń gbá gọ́ọ̀fù, pé ẹ máa ń gbá bọ́ọ̀lù ní nǹkan bí ìgbà 100 kí ẹ tó parí ihò 18, pé ọ̀pá tí mọ̀lẹ́bí yín kan fi sílẹ̀ ni ẹ ń lò, àti pé ẹnì kan tó ń ta ọ̀pá ti fi dá yín lójú pé bí ẹ bá ra odidi àpò tuntun, bọ́ọ̀lù yín yóò máa lọ jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ wá fẹ́ mọ̀ bóyá owó náà tó ná. Èmi gbà pé kò tíì tó ná fún yín, n óò sì sọ ìdí rẹ̀ ní kíkún, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n sọ sí mi létí kí n tó kó owó tí mo ti ń tọ́jú fún odidi ọdún kan sílẹ̀.

Ẹni tó wọn ọ̀pá fún mi pe ara rẹ̀ ní onímọ̀. Ó mú mi wọ yàrá kan, ó gbé bọ́ọ̀lù lé orí kápẹ́ẹ̀tì, ó tan ẹ̀rọ tó ń ka bí bọ́ọ̀lù ṣe ń fò, ó sì ní kí n kọ́kọ́ fi ọ̀pá 7 tèmi gbá a (nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe ọ̀pá onírin, bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ jìnnà tó). Lẹ́yìn náà ló fún mi ní ọ̀pá 7 tuntun. Bọ́ọ̀lù tí mo fi tuntun náà gbá kọjá ti àkọ́kọ́ dáadáa, onímọ̀ náà na ìka sí nọ́ńbà tó wà lójú ẹ̀rọ, kò sì tún sọ nǹkan mìíràn mọ́, nítorí ó ti rí i lójú mi pé mo ti gbà. Ohun tí kò sọ, tí mo sì mọ̀ dájú pé ó mọ̀, ni pé nọ́ńbà tí wọ́n kọ sábẹ́ ọ̀pá méjèèjì dọ́gba, ṣùgbọ́n ojú wọn kò dọ́gba rárá. Ojú ọ̀pá 7 tèmi dà sẹ́yìn ní dìgírì 35, ti tuntun kò sì ju dìgírì 29 lọ. Kò sí òfin kankan tó so nọ́ńbà pọ̀ mọ́ dìgírì, ẹni tó ń ṣe ọ̀pá lè kọ ohun tó bá wù ú sí i, bẹ́ẹ̀ bí ojú ọ̀pá bá ṣe nàró tó ni bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ jìnnà tó. N kò sọ pé wọn kò ṣe iṣẹ́ lórí rẹ̀, nítorí wọ́n ti gbé ìwúwo orí ọ̀pá wá sí ìsàlẹ̀ kí bọ́ọ̀lù má baà fò nílẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi hàn mí gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìyanu kò ju ọ̀pá 6 tàbí 5 àtijọ́ tí wọ́n kọ 7 sí lábẹ́.

Èyí ṣì kéré lára ohun tí mo rí. Igi ọ̀pá, ìyẹn ara rẹ̀ gígùn tí orí wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀, ló dá mi lóró. Onímọ̀ yẹn wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní ọkùnrin tó lágbára bíi tèmi ni wọ́n ń ṣe igi líle fún, ó sì yan igi irin tó wúwo tó nǹkan bí gíráàmù 125, tí wọ́n kọ S (ìyẹn líle) sí lára, fún mi. Kò wo bí mo ṣe ń yára ju apá, kò sì bi mí bóyá apá ti dùn mí rí. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbé e dé orí pápá ni bọ́ọ̀lù ti ń fò nílẹ̀ nílẹ̀, tó sì ń yà sí ọ̀tún. Mo rò pé ẹ̀bi mi ni. Ẹni tó bá ti san irú owó bẹ́ẹ̀ kì í rò ó pé ọ̀pá ló lẹ́bi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí gbá bọ́ọ̀lù 200 lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, lórí kápẹ́ẹ̀tì líle, pẹ̀lú igi tí kì í tẹ̀ fún mi. Ní oṣù kejì ìgúnpá mi ń ta mí bí mo bá ti parí. Ní oṣù kẹta, ó ń ta mí kí n tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí oṣù kẹrin fi máa pé, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé mi ní alẹ́ ọjọ́ kan, kọ́kọ́rọ́ wà nínú ihò rẹ̀, n kò sì lè yí i. Ọwọ́ òsì ni mo fi ṣí ilẹ̀kùn ara mi. Dókítà ní iṣan ìgúnpá ló ti wú, ó ní kí n má fọwọ́ kan ọ̀pá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, mo sì pa á mọ́.

Nígbà tí mo padà tọ ẹni tó wọn ọ̀pá fún mi lọ, ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọ̀pá kò ní àléébù, pé èmi ni kí n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá a. Mo ní kó gbà á padà. Ó ní wọ́n ti gé igi rẹ̀ sí ìwọ̀n mi, kò sì ṣe é gbà padà mọ́. Ìwọ̀n wo? Ìwọ̀n tí òun fúnra rẹ̀ fi ogún ìṣẹ́jú wò! Títí di òní, bí mo bá rántí bó ṣe ń nu ojú ọ̀pá mìíràn nígbà tó ń dá mi lóhùn, inú mi kì í dùn. Mo tà á níkẹyìn, owó tí mo rí kò tó ìdajì ohun tí mo san, bẹ́ẹ̀ ọdún kan kò tíì pé.

Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ ohun kan tí wọn kì í sọ. Nígbà tí wọ́n bá ti mú kí ojú gbogbo ọ̀pá nàró báyìí, àlàfo máa ń ṣí sílẹ̀ láàrin àwọn ọ̀pá tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù lọ sí ibi tí kò jìnnà. Wẹ́ẹ̀jì ni wọ́n ń pe irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá àpò tuntun mi wá jẹ́ dìgírì 43, wẹ́ẹ̀jì tí mo fi ń gbá kúrò nínú iyanrìn sì jẹ́ 56. Dìgírì 13 ló wà láàrin wọn, kò sì sí ọ̀pá tó lè gbé bọ́ọ̀lù mi dé ibi tó wà láàrin ọ̀nà jíjìn méjèèjì yẹn. Kí ni onímọ̀ sọ? Ó ní kí n ra méjì sí i. Mo rà á. Ní ìdíje àkọ́kọ́ tí mo lọ lẹ́yìn rẹ̀, a ti wà ní ihò kẹta kí ọ̀rẹ́ tí a jọ ń gbá tó ka ọ̀pá inú àpò mi, ó jẹ́ 15. Òfin ní kò gbọdọ̀ ju 14 lọ, ìgbá méjì sì ni ìyà ihò kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn bá ti rú u, títí dé mẹ́rin. Mẹ́rin ni wọ́n fi kún tèmi. Òṣìṣẹ́ ìdíje ka òfin náà sí mi létí láì gbé ojú kúrò nínú ìwé rẹ̀, ó sì kọjá lọ. Òfin kò ṣẹ̀ mí, ṣùgbọ́n ẹni tó tà á fún mi mọ iye tó wà nínú àpò mi, ó sì dákẹ́. Ẹ máa ka ọ̀pá yín nílé.

Olùkọ́ kan tí kò ní ọ̀pá tà ló tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Ó fi bírò olómi fa ìlà kan sí ara bọ́ọ̀lù, ó gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ kí ìlà náà lè dúró ṣánṣán kó sì kọjú sí ojú ọ̀pá, ó ní kí n gbá a, ìlà náà sì lẹ̀ mọ́ ojú ọ̀pá. Bí ó bá dúró ṣánṣán níbẹ̀, ọ̀pá jókòó dáadáa. Fún ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a, bí orí ìlà bá tẹ̀ sí imú ọ̀pá, ìyẹn ṣóńṣó orí rẹ̀, igi ọ̀pá ti nàró jù lórí orí rẹ̀, bọ́ọ̀lù yóò sì fẹ́ máa lọ sí òsì. Bí ó bá tẹ̀ sí gìgísẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ibi tí igi ti wọ orí, igi náà ti tẹ́ jù, bọ́ọ̀lù yóò sì fẹ́ máa lọ sí ọ̀tún. Tèmi tẹ̀ sí gìgísẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi fẹ́ sunkún, nítorí mo ti ń bá ara mi wí fún ohun tí bírò lásán lè fi hàn ní ìṣẹ́jú kan. Ọ̀pá àlòkù tó ti lo ọdún mẹ́jọ ni mo rà lẹ́yìn rẹ̀. Igi rẹ̀ fúyẹ́, ó sì rọ̀. Wọ́n tẹ ọrùn rẹ̀ díẹ̀ fún mi, mo sì pààrọ̀ rọ́bà ìdìmú, ó tán. Ẹ má sì jẹ́ kí lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ara igi tàn yín, nítorí àwọn tó ń ṣe é kò ní òṣùwọ̀n kan náà, R, tó yẹ kó rọ̀ ju S lọ, ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan lè le ju S ti ẹlòmíràn lọ.

Ní ti pé tuntun ń mú bọ́ọ̀lù lọ jìnnà, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ó mọ òfin. Láti ọdún 2004 ni R&A ní Scotland àti USGA ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ṣe òfin gọ́ọ̀fù, ti fi 460 cc ṣe òpin títóbi orí dráífà, ọ̀pá tó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ jìnnà jù, nígbà tó sì di 2008, òpin lórí bí ojú rẹ̀ ṣe lè ta bọ́ọ̀lù padà ti dé orí gbogbo ènìyàn. Dráífà àlòkù tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà wà lábẹ́ òpin kan náà pẹ̀lú ti òní. Ibi tí tuntun ti dára díẹ̀ sí i ni nígbà tí bọ́ọ̀lù kò bá bá àárín ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ti mọ̀lẹ́bí yín bá ti pẹ́ gan-an, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, nítorí Big Bertha, dráífà tí ilé-iṣẹ́ Callaway gbé jáde ní 1991, tí ayé ń pariwo pé ó tóbi, orí rẹ̀ kò tó ìdajì 460 cc. Àlòkù náà ni kí ẹ rà. Ẹ mú òòfà kékeré dání bí wọ́n bá ní ojú rẹ̀ jẹ́ titanium, nítorí òòfà kì í lẹ̀ mọ́ titanium, ayédèrú sì pọ̀. Wẹ́ẹ̀jì nìkan ni n kì í gba àlòkù rẹ̀, bí ilà ojú rẹ̀ bá ti jẹ tán, bọ́ọ̀lù kò ní yí bó ṣe yẹ mọ́.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé lórí pápá tí òṣùwọ̀n rẹ̀, ìyẹn iye ìgbá tí wọ́n retí fún ihò 18, jẹ́ 72, 36 nínú rẹ̀ jẹ́ ti pọ́tà, ọ̀pá tí a fi ń yí bọ́ọ̀lù wọ ihò, méjì fún ihò kọ̀ọ̀kan. Nínú 100 tí ẹ ń gbá, mélòó ni ti pọ́tà? Ẹ kà á ní ìgbà mẹ́ta tí ẹ bá jáde. Owó olùkọ́ fún oṣù díẹ̀ lè má tó owó dráífà tuntun kan. Àwọn tí mo lè gbà fún pé kí wọ́n ra tuntun ni ẹni tó ga tàbí tó kúrú ju bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀pá lọ, ẹni tí apá rẹ̀ ń dùn, àti ẹni tó ń gbá a lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí bó ṣe ń ju apá kò yí padà mọ́. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ náà má gbà kí wọ́n wọn òun nínú yàrá nìkan, orí koríko ni kó ti gbá a.

Ẹ fi ìlà bírò yẹn dán ọ̀pá 7 yín wò kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ sì sọ fún mi ibi tí orí rẹ̀ tẹ̀ sí, bí ẹ ṣe ga tó, àti ohun tí wọ́n kọ sí ara igi ọ̀pá náà. N óò dáhùn.