Kúlà àti sitóòfù gáàsì nínú kórópe tí a ń sùn sí

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìsánlú ni mo wà, kaṣú ni mò ń rà. Bí kaṣú bá ti dé, láti oṣù kejì títí di oṣù karùn-ún, abúlé ni mo máa ń sùn jù, torí pé ẹni tó bá tètè dé ìdí òṣùwọ̀n ló ń rí ọjà rà. Mo ti yọ ìjókòó ẹ̀yìn kórópe mi, mo sì kan ibùsùn sí apá òsì. Apá ọ̀tún ṣẹ́ ku ínǹṣì 18 ní ìbú. Kúlà mi fẹ̀ ní ínǹṣì 13, ó gùn ní 22, ó ga ní 15. Mo kan àpótí fún un, ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí, àmọ́ ideri rẹ̀ kò ṣeé ṣí mọ́. Èrò mi ni pé kí sitóòfù gáàsì jókòó sórí àpótí náà, kí sílíńdà sì wà lábẹ́ ibùsùn. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o ṣeun tí o béèrè kí o tó so gáàsì mọ́ ọn. Ti sílíńdà abẹ́ ibùsùn yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fèsì sí, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Jọ̀wọ́, má gbé e síbẹ̀.

Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá jò, kì í gòkè bí èéfín. Ilẹ̀ ló ń wọ́ lọ bí omi, ibi tó bá jìn ni yóò sì kóra jọ sí. Abẹ́ ibùsùn tí o fi pákó yí ká, kòtò ni lójú gáàsì, orí kòtò náà lo sì máa sùn sí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàbbà níbí, mo kan kọ́bọ́ọ̀dù sílíńdà fún oníbàárà kan tó ń ta oúnjẹ nínú bọ́ọ̀sì. Mo fi gọ́ọ̀mù àti lẹ́búlẹ́bú pákó dí gbogbo àlàfo rẹ̀ pa, mo rò pé iṣẹ́ tó mọ́ nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, òórùn gáàsì gbá a nímú. Ìṣáná ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wá, kò tíì ṣá a. Èmi ni mo jẹ̀bi, kì í ṣe sílíńdà, torí pé n kò fi ojú ihò kan ṣoṣo sílẹ̀ tí gáàsì lè bá jáde.

Igun ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́bàá ilẹ̀kùn búùtù, ni kí o kan ilé sílíńdà sí. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ibùsùn ni kí o dí pa dáadáa. Ìsàlẹ̀ ni kí o lu ihò méjì sí, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ínǹṣì kan àti ààbọ̀, kí wọ́n gba ilẹ̀ inú ọkọ̀ kọjá síta gbangba. Kí o tó ki ẹnu díríìlì bọ̀ ọ́, mú mẹkáníìkì rẹ dání, kí ẹ jọ wo abẹ́ ọkọ̀. Ọ̀nà epo àti ọ̀nà bíréèkì ń gba abẹ́ ibẹ̀ kọjá, ihò náà kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ sàìlẹ́ǹsà. Òòró ni sílíńdà máa ń wà, má dùbúlẹ̀ rẹ̀ láé, kí o sì fi bẹ́líìtì dè é. Bí o bá fẹ́ dáná, gbé e sọ̀ kalẹ̀. Bí o bá fẹ́ sùn, ti orí rẹ̀ pa, yọ rẹ́gúlétọ̀, gbé e síta, fi ṣéènì àti àgádágodo so ó mọ́ bọ́ḿpà. Má jẹ́ kí ẹni tó ń ta gáàsì rọ ọ́ kún dẹ́nu: ìdá kan nínú márùn-ún gbọ́dọ̀ ṣófo nínú rẹ̀, torí pé oòrùn oṣù kẹta lágbègbè wa yìí ń mú kí gáàsì inú rẹ̀ wú.

Ó wá kan kúlà. Nígbà tó wà ní títì lo wọ̀n ọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń kan nǹkan ló sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Gbé kúlà náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ṣí ideri rẹ̀ tán, kí o tó mú téèpù. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà, ẹ̀gbẹ́ gígùn ni ideri ti so mọ́ ọn, nítorí náà gbogbo gígùn ínǹṣì 22 náà gbọ́dọ̀ jáde sí gbangba kí ó tó lè ṣí. Àpótí kò lè ṣe é. Dúrọ́ọ̀ tí o lè fà jáde láti búùtù ni kí o kàn.

Àyè rẹ gbà á, ṣùgbọ́n ó há. Kúlà gba 13. Pákó ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀ méjèèjì gba ínǹṣì kan àti ààbọ̀ lápapọ̀. Irin tí dúrọ́ọ̀ ń gbà lọ gbà á bọ̀ gba ìdajì ínǹṣì lọ́tùn-ún, ìdajì lósì. Òpó fírémù gba ínǹṣì kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 17 àti ààbọ̀. Ìdajì ínǹṣì péré ló kù, nítorí náà kí òpó rẹ dúró ṣánṣán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ dúrọ́ọ̀ yóò máa há. Fi pákó arère ṣe ara dúrọ́ọ̀, ó fúyẹ́. Irin dúrọ́ọ̀ tí a ń lò fún wádíróòbù kò lè gbé kúlà. Yóò tẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Bí o kò bá rí irin tó nípọn, ìrókò tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí o fi ṣe ojú ọ̀nà rẹ̀, kí o fi àbẹ́là pa á títí yóò fi máa dán. Èmi gan-an fẹ́ràn ìyẹn ju irin lọ, torí eruku kì í há a bó ṣe ń há irin tó ní bọ́ọ̀lù nínú.

Má fojú kékeré wo ìwúwo rẹ̀. Àpò píọ́ wọ́tà kan, ogún ọ̀rá, kílò mẹ́wàá ni. Kó ẹja, ẹran àti ohun mímu lé e, ó ti tó ogún kílò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo rẹ̀ yóò sì máa rọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ nígbà tí dúrọ́ọ̀ bá jáde tán. So ẹsẹ̀ kan mọ́ abẹ́ iwájú rẹ̀ tí yóò máa já sílẹ̀ kan ilẹ̀. Ìdè ilẹ̀kùn tó lágbára ni kí o fi tì í, torí bí o bá ń gun òkè, òun ló máa kọ́kọ́ fẹ́ jáde.

Píọ́ wọ́tà tó ti dì yẹn náà ni mo ní kí o fi ṣe yìnyín. Bó bá ń yọ́, inú ọ̀rá rẹ̀ ni omi máa wà, ẹja rẹ kò ní lúwẹ̀ẹ́, ìwọ náà á sì rí omi tútù mu. Ohun tó bá gbóná, má kó o sínú kúlà. Má sì fi àyè ṣófo sílẹ̀ nínú rẹ̀. Bó bá ṣe kún tó ni òtútù rẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó.

Sitóòfù ńkọ́? Ó lè máa gbé orí àpótí kúlà bí ọkọ̀ bá ń lọ, ṣùgbọ́n má dáná níbẹ̀. Ooru rẹ̀ yóò yọ́ yìnyín rẹ, ìwọ náà yóò sì máa na ọwọ́ lórí ìkòkò gbígbóná kí o tó rí inú kúlà. Èyí tó burú jù ni ilẹ̀kùn búùtù tí yóò wà lókè iná. Ní àwọn kórópe tó ti gbó, ọ̀pá tó ń gbé ilẹ̀kùn yẹn dúró ti rẹ̀. Mo ti rí èyí tó já wálẹ̀ láìsí atẹ́gùn kankan. Kan tábìlì kékeré tó ń ká ẹsẹ̀, fi páànù bo ojú rẹ̀, gbé e kúrò lára ọkọ̀ níwọ̀n bí rọ́bà gáàsì bá ṣe gùn tó. Ra sitóòfù onírin, má ra èyí tó ní gíláàsì lójú, torí kòtò ojú ọ̀nà yóò fọ́ ọ. Nígbà ọyẹ́, fi páànù dí ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta iná, àmọ́ bí ó bá jẹ́ sílíńdà kékeré tí iná ń jó lórí rẹ̀ gan-an ni o ń lò, má fi páànù ká a mọ́ rárá, torí ooru yóò padà sórí sílíńdà. Bí òjò bá ń rọ̀, mu gaàrí. Má gbé iná wọ inú ọkọ̀ tí a tì pa, yálà ti gáàsì tàbí ti èédú. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń tinú èédú jáde kò ní òórùn, ojú oorun ló sì máa ń pa ènìyàn.

Bí o bá ti so gbogbo rẹ̀ tán, po ọṣẹ mọ́ omi títí yóò fi hó, ṣí gáàsì láìtan iná, kí o fi kànìnkànìn tẹ́ ìfófò náà sí orí rẹ́gúlétọ̀, sí ẹnu rọ́bà méjèèjì, sí abẹ́ kílíìpù. Dúró wò ó. Ibi tí ìfófò bá ti ń wú bí ojú ọ̀pọ̀lọ́, ibẹ̀ ló ti ń jò. Tì í pa, kí o tún un so.

Lẹ́yìn náà, di kúlà rẹ bí ẹni tó ń lọ sọ́jà, wa ọkọ̀ dé Mọ̀pà kí o padà. Tí o bá délé, fa dúrọ́ọ̀ jáde, kí o sì fọwọ́ kan gbogbo nọ́ọ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti tú, fi nọ́ọ̀tì onírọ́bà pààrọ̀ rẹ̀, má kàn fún un mọ́ra lásán.