Ráàmù 1600 nínú làpútọ́ọ̀pù 1333 ńkọ́? Ẹ bi oníkọ̀ǹpútà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tèmi. Àwọn lẹ́tà tó wọlé lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ló pọ̀ jù nínú wọn: làpútọ́ọ̀pù tókunbọ̀ tó ti ń wọ́ ẹsẹ̀, ẹni tó ni ín fẹ́ kó yára, wọ́n wá ní kó lọ ra ráàmù (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) tàbí kó pààrọ̀ pírósẹ́sọ̀ (ọpọlọ ẹ̀rọ, èyí tí i5 àti i7 jẹ́ orúkọ ẹ̀). Nọ́ńbà bíi 1333 àti 1600 tẹ́ ẹ máa rí, eré ráàmù ni: iye mílíọ̀nù ìgbà tó ń gbé ẹrù ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo fi èyí tó gùn jù ṣáájú torí òun ni ẹjọ́ pọ̀ sí nínú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Fáínà yíà ni mo wà ní OAU, Dell Latitude E6420 ni mò ń lò, i5-2520M, ráàmù 4GB ẹyọ kan. Tí mo bá ṣí MATLAB (ètò ìṣírò tá a fi ń ṣiṣẹ́) pọ̀ mọ́ Chrome, ẹ lè lọ jẹun ní búkà kẹ́ ẹ padà wá bá a níbi tẹ́ ẹ fi sí. Ọ̀gá kan tó ń ta pátì ní Lágeré ní kí n ra i7-3632QM, ó ní ihò kan náà ni wọ́n jọ ń wọ̀, ó tún ní kí n fi ráàmù 1600 sí i torí 1333 tó wà níbẹ̀ ló ń fà á sẹ́yìn. Ó fi pírósẹ́sọ̀ yẹn dán an wò lójú mi, ó wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀rọ dúdú kirikiri, fáànù nìkan ló ń yí. Ó ní mọ́dábọ́ọ̀dù mi (pátákó ńlá inú ẹ̀rọ tí gbogbo nǹkan so mọ́) ló ti kú. Nígbà tó dá tàtijọ́ padà, ó tàn. Èwo ni ká gbàgbọ́?" — Ọmọ Awo Hall, Ilé-Ifẹ̀

Àbúrò, mọ́dábọ́ọ̀dù ẹ ò kú. Tó bá kú ni, kí ló wá tàn nígbà tí i5 padà sípò? Ọ̀gá yẹn ò purọ́ lórí ọ̀rọ̀ ihò ṣá o. Pírósẹ́sọ̀ làpútọ́ọ̀pù Intel jẹnẹréṣọ̀n (ìran) kejì, bíi i5 tìẹ, tó jáde ní 2011 àti ẹ̀kẹta tó jáde ní 2012, àwọn tó ń wọ ihò nínú wọn, ihò G2 kan náà ni wọ́n ń wọ̀, ìyẹn ló ṣe wọlé wẹ́rẹ́ láìjà. Àmọ́ kó wọlé yàtọ̀ sí kí wọ́n dá a mọ̀. BIOS, ètò kékeré tó wà lára mọ́dábọ́ọ̀dù, ló ń jí pírósẹ́sọ̀ tó o bá tẹ bọ́tìnnì, àwọn tí wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún un nìkan ló sì mọ̀. Àlejò tó bá dé tí onílé ò mọ ojú ẹ̀, ìta ló máa sùn. BIOS E6420, jẹnẹréṣọ̀n kejì ló mọ mọ. E6430 tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣe fún ẹ̀kẹta, nítorí náà tẹ́nì kan bá tún sọ fún ẹ pé ó ṣiṣẹ́ nínú ti ọ̀rẹ́ òun, kọ́kọ́ bi í bóyá 20 ló wà lẹ́yìn nọ́ńbà yẹn tàbí 30.

Ó wá ku i7 ti jẹnẹréṣọ̀n kejì fúnra ẹ̀. Wo i7-2640M: kọ́ọ̀ (ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́ nínú pírósẹ́sọ̀) méjì bíi tìẹ, eré 2.8 GHz sí 2.5 tìẹ, cache (ibi ìkóǹkan-sí kékeré inú pírósẹ́sọ̀) 4MB sí 3MB, wáàtì 35 làwọn méjèèjì ń jẹ. Gbogbo ohun tó o máa rí gbà náà nìyẹn, o ò sì ní fojú rí i nínú MATLAB. Tó o bá ní ti kọ́ọ̀ mẹ́rin lo fẹ́, bíi i7-2720QM, ìyẹn dáa jùyẹn lọ ṣùgbọ́n wáàtì 45 ni, ooru tó máa mú jáde ju èyí tí fáànù ẹ mọ́ lára lọ, pàápàá fáànù tí eruku ti kún láti ọdún yìí wá tẹ́nì kankan ò ṣí rí, nínú yàrá họ́sítẹ́ẹ̀lì tí ẹ̀ ń sùn mẹ́fà mẹ́jọ tí iná ń lọ tó ń bọ̀. Tí pírósẹ́sọ̀ bá gbóná jù, fúnra ẹ̀ ló máa rẹ eré ẹ̀ sílẹ̀ kó má bàa jóná, o wá fowó ra eré tí kò ní lè sá.

Ọ̀rọ̀ ráàmù 1600 wá ńkọ́? Ibí yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka abala yìí fetí sí torí àwọn tó ń tajà kì í sọ ọ́. Láyé àtijọ́, ibi tó ń bá ráàmù sọ̀rọ̀ wà lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pírósẹ́sọ̀. AMD kó o wọnú pírósẹ́sọ̀ ní 2003, Intel náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2008, àwọn i5 àti i7 jẹnẹréṣọ̀n kejì yìí sì ti wà nínú àṣà tuntun náà. Ìyẹn ni pé pírósẹ́sọ̀ ẹ gan-an ló ń pinnu eré tí ráàmù máa sá. i5-2520M, 1066 tàbí 1333 ló mọ, kò mọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó o bá ki 1600 bọ̀ ọ́, ráàmù náà á wálẹ̀ sí 1333, kò ní bàjẹ́, kò ní pariwo, kìkì pé o sanwó eré tó ò lò ni. i7-2720QM tí mo dárúkọ yẹn ń gba 1600, ṣùgbọ́n i7-2670QM tóun náà ní kọ́ọ̀ mẹ́rin, 1333 ló dúró sí. Ṣé o rí i? Kí wọ́n máa pariwo i7, i7 kò sọ nǹkan kan fún ẹ, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni kó o gbé lọ sórí sáìtì Intel kó o wo ibi tí wọ́n kọ Memory Types sí.

Tún wá gbọ́ o, 1333 kọ́ ló ń fà ẹ́ sẹ́yìn. Ráàmù máa ń gbé báìtì mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan, 1333 lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ nǹkan bíi 10.6GB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 1600 lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ 12.8GB. Ọ̀nà méjì ni pírósẹ́sọ̀ ẹ ní sí ráàmù, ẹyọ kan tó wà níbẹ̀ ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń lò, èkejì ṣófo. Fi 4GB 1333 mìíràn sí ihò kejì, ó di nǹkan bíi 21GB ní àáyá kan, o sì ti ní 8GB lápapọ̀. Sọ fún mi, èwo ló sàn, kó o pààrọ̀ ẹyọ kan sí 1600 tàbí kó o fi èkejì kún un? Bó ò bá rí 1333 rà, ra 1600, àwọn méjèèjì á jọ máa sá 1333, ìjà ò sí. Bí iye GB wọn ò bá dọ́gba náà, á ṣiṣẹ́, ibi tí wọ́n ti dọ́gba nìkan ló máa jẹ ìgbádùn ọ̀nà méjì. Lára sítíkà, PC3-10600S ni 1333, PC3-12800S ni 1600. Tó bá gùn gbọọrọ, tó ní ẹsẹ̀ 240, ti dẹ́sítọ́ọ̀pù nìyẹn, kò ní wọlé.

Kó o tó náwó rárá, lọ́jọ́ tí MATLAB bá tún ń dùn ẹ́, tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, Task Manager á ṣí, wo ohun tó ga jù níbẹ̀. Tí CPU (pírósẹ́sọ̀) bá wà ní 30 tí Memory (ráàmù) wà ní 95 tí Disk sì wà ní 100, ráàmù ló kún, Windows ti ń kó ẹrù lọ sórí háàdì dísìkì, háàdì dísìkì tó ń yí sì lọ́ra gan-an sí ráàmù. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé ohun tó ò ń bá yí nìyẹn. Ráàmù kejì, lẹ́yìn náà SSD (dísìkì tí kì í yí, tó yára ju èyí tó ń yí lọ), kó o sì dúró síbẹ̀. Owó i7 yẹn, fi ṣe prójẹ́ẹ̀tì ẹ jàre, kódà tó bá ṣiṣẹ́, Windows 11 ò ní tìtorí ẹ̀ gbà ẹ́ wọlé, jẹnẹréṣọ̀n kẹjọ sókè ni Microsoft ń béèrè lọ́wọ́ Intel, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n yọ sílẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ṣọ́ọ̀bù táípìn àti fótókọ́pì nítòsí géètì OAU. HP ni mò ń lò, wọ́n kọ i5-7200U sí i. Ọmọ tó ń bá mi tún nǹkan ṣe ní òun lè yọ i5 kóun fi i7 sí i, owó tó pè sì ga. Ṣé kí n gbà?" — Ìyá oníbísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, Ilé-Ifẹ̀

Mọ́mì, ẹ má gbà o. Lẹ́tà U tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà yẹn, pírósẹ́sọ̀ tó ń jẹ iná díẹ̀ ni, wọ́n ti fi léèdì jó o mọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù láti ilé iṣẹ́, kò síhò tẹ́ ẹ lè yọ ọ́ nínú ẹ̀. Ti yín yìí, ojú léèdì 1356 ló wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹni tó bá máa yọ ọ́ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń yọ́ gbogbo ẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tó sì tún máa tò ó padà, bí ẹyọ kan bá ṣì, mọ́dábọ́ọ̀dù di ìtàn. Láti jẹnẹréṣọ̀n karùn-ún Intel ni gbogbo làpútọ́ọ̀pù ti di bẹ́ẹ̀, àfi àwọn ńláńlá kan tí wọ́n ki pírósẹ́sọ̀ dẹ́sítọ́ọ̀pù bọ̀ nínú. Mi ò sọ pé ọmọ yẹn fẹ́ jẹ yín níyà, bóyá àwọn ti àtijọ́ ló ti ń tú.

Táípìn ò nílò i7 ṣá. Ẹ ní kó ṣí i kó wo irú ráàmù tó wà níbẹ̀, torí i5-7200U lè jẹ́ ti DDR4 tàbí ti DDR3L. Tó bá jẹ́ DDR4, 2133 ni pírósẹ́sọ̀ yín mọ, ẹ lè ra 2400 tàbí 2666 tàbí 3200, èyíkéyìí tó bá pọ́ọ́kú, gbogbo wọn á wálẹ̀ sí 2133. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba owó lọ́wọ́ yín nítorí 3200.

"Ọ̀gá oníkọ̀ǹpútà, mo ra ráàmù 1333, mo fi CPU-Z (ètò tó ń fi ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà hàn) yẹ̀ ẹ́ wò, 665 ló ń fi hàn mí. Ṣé wọ́n ti lù mí ní jìbìtì ni?" — Tíṣà kan, Ìṣokùn, Iléṣà

Rárá o, sà. Ẹ sọ 665 di ìlọ́po méjì, ẹ máa rí 1330. Irú ráàmù yìí máa ń gbé ẹrù lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìró aago kan, nígbà tó ń gòkè àti nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀, CPU-Z ń ka aago, ẹni tó tà á fún yín ń ka ẹrù. Tẹ́ ẹ bá wo Task Manager, 1333 lẹ máa bá níbẹ̀. Tó bá jẹ́ 533 lẹ rí ni, ìyẹn túmọ̀ sí pé 1066 ló ń sá, ẹ lọ wo ráàmù tó wà ní ihò kejì, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé òun ló lọ́ra jù, òun làwọn méjèèjì sì máa ń tẹ̀ lé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Latitude E7440 ni tèmi. Mo ra ráàmù 12800 torí 12800 náà ló wà lára ti tẹ́lẹ̀, mo fi sí i, kò tàn mọ́. Mo yọ ọ́, ó tàn." — Mọ̀dákẹ́kẹ́

Lọ wo sítíkà méjèèjì dáadáa, má wo nọ́ńbà nìkan. Mo mọ̀ pé ti tẹ́lẹ̀ máa jẹ́ PC3L-12800S, tuntun tó o rà á sì jẹ́ PC3-12800S. Lẹ́tà L yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Tó ní L ń lo 1.35 fóòtì (volt, ìwọ̀n agbára iná), tí kò ní ń lo 1.5, làpútọ́ọ̀pù ẹ sì jẹ́ jẹnẹréṣọ̀n kẹrin oní U tó jẹ́ pé 1.35 nìkan ló ń fún ráàmù. Ẹsẹ̀ 204 làwọn méjèèjì ní, ojú gígé wọn bára mu, ìdí nìyẹn tó fi wọlé láìjà. Ká ní ìdàkejì ni, tó o bá fi oní L sínú ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń lo 1.5, á ṣiṣẹ́, torí oní L ń gba fóòtì méjèèjì. Lọ pààrọ̀ ẹ̀. Tó o bá fẹ́ fi èyí tó tọ́ sí i, yọ ṣájà, yọ bátìrì, tẹ bọ́tìnnì pa á mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí iná tó kù nínú ẹ̀ lọ, kó o fọwọ́ kan irin kó o tó mú ráàmù, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tí aṣọ ń ta ni lára.

"8GB ni mo fi sí i, Windows ní 3.4 lóun lè lò. Kí ló dé?" — Sábó, Ilé-Ifẹ̀

Windows 32-bit lo fi sí i. Kò lè ka àdírẹ́sì ju 4GB lọ, àwọn nǹkan inú ẹ̀rọ á sì tún mú nínú ìyẹn. Kó àwọn fáìlì ẹ kúrò, kó o wá fi 64-bit sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí bó o ṣe lè gorí 32 yẹn lọ sí 64 láìnu ún.

"Ráàmù DDR4 ni mo rà, ihò làpútọ́ọ̀pù mi jẹ́ DDR3. Ojú gígé wọn ò bára mu. Ẹnì kan ní kí n fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ díẹ̀." — Ìwọ òǹkàwé ni kó o má bínú, o ò kọ orúkọ àdúgbò ẹ.

Má gbẹ́ nǹkan kan o! DDR3 ní ẹsẹ̀ 204, DDR4 ní 260, ọ̀kan ń lo 1.5 fóòtì, èkejì ń lo 1.2. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gé e síbi tó yàtọ̀ kó má bàa wọlé ni. Gbé e padà fún ẹni tó tà á fún ẹ lónìí, bí o ò bá tíì fi ọ̀bẹ kàn án, ó ṣeé ṣe kó gbà á.