Wọ́n gbin igi, wọn ò padà wá bomi rin ín

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Àwa bíi mẹ́wàá la ń tọ́jú ọgbà ìgbafẹ́ kan tó jẹ́ tìjọba, a ò gbowó o, a kàn fẹ́ràn ẹ̀ ni. Lọ́dún tó kọjá kọ́ńpìnnì kan wá gbin igi 40 síbẹ̀, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ, a ò rí wọn mọ́. Omi tí àwa ń gbé ò kárí, èyí tó kù báyìí ò pé 10. Kọ́ńpìnnì míì tún ti ń pè wá. Kí la máa sọ fún wọn?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú làálàá o. Ó dùn mí gan-an. Igi tuntun ò tíì ní gbòǹgbò tó lọ jìnnà, ó máa ń tó ọdún méjì sí mẹ́ta kó tó lè dá wá omi fúnra ẹ̀, ìyẹn ni pé ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò yẹn gan-an niṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Torí náà, ẹ má tọrọ igi lọ́wọ́ àwọn tó ń bọ̀ yìí. Omi ni kẹ́ ẹ tọrọ, họ́ọ̀sì, àti owó ẹni tó máa bomi rin igi fọ́dún mẹ́ta, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n sì sáìnì. Tí owó wọn ò bá gbé 40, kí wọ́n gbin 10. Ẹni tó bá torí ìyẹn sá, ẹ jẹ́ ó máa lọ.

Ìjọba náà gbọ́dọ̀ sáìnì o, àwọn ló nilẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, Central Park, ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kan ní New York, ti bàjẹ́ gan-an láàárín ọdún 1970 sí 1980, káwọn èèyàn tó kóra jọ dá ẹgbẹ́ Central Park Conservancy sílẹ̀ ní 1980, wọ́n ń wówó, wọ́n ń ṣiṣẹ́, ilẹ̀ ṣì jẹ́ tìjọba, àmọ́ 1998 ni ìjọba tó bá wọn ṣàdéhùn pé kí wọ́n máa bójú tó gbogbo ẹ̀. Ọdún 18! Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé wọ́n pín ibẹ̀ sí apá-apá, apá kọ̀ọ̀kan ló ní ọlọ́gbà tiẹ̀ tó máa dáhùn fún un. Ẹ̀yin mẹ́wàá náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́la.

Iléèwé tó ń kọ́ni níṣẹ́ ọ̀gbìn náà ń wá ibi táwọn ọmọ wọn ti máa fọwọ́ ṣiṣẹ́, ẹ kàn sí wọn.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ka igi tó kù, ẹ kọ èyí tó kú náà sílẹ̀, kẹ́ ẹ mú ìwé yẹn dání lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá kọ́ńpìnnì yẹn jókòó.