Ṣé ẹni tí kò ní ẹ̀sìn lè wọlé ìbò nílẹ̀ wa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí ó jẹ́ olùkọ́, fẹ́ wọ ìgbìmọ̀ kọ́múùnù. Láti ìgbà tí a ti sin bàbá wa ni kò ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Kì í lọ sí mọ́sáláṣí, kò sì sí nínú awo kankan. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í, a máa sọ gbangba pé òun kò ní ẹ̀sìn. Àwọn àgbà ilé ní kí ó máa lọ sí ìjọ aláṣọ funfun fún oṣù díẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ níbẹ̀, kí ẹnu ayé lè pa mọ́. Ó kọ̀. Ṣé òfin gba irú rẹ̀ láyè? Ṣé àwọn ènìyàn yóò sì dìbò fún un? (Àbúrò olùkọ́, Àjàṣẹ́)

ÌDÁHÙN: Ti òfin kò ṣòro. Ìwé òfin-ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Benin, èyí tí a ń lò láti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990, sọ ní Abala 2 pé ìjọba wa kò fi ẹ̀sìn kankan ṣe tirẹ̀. Abala 23 dáàbò bo òmìnira èrò àti ẹ̀rí-ọkàn pẹ̀lú òmìnira ẹ̀sìn, Abala 26 sì ní ọgbọọgba ni gbogbo wa níwájú òfin, ẹ̀sìn yòówù tí a ìbáà máa ṣe. Fún ipò Ààrẹ pàápàá, lára ohun tí Abala 44 ń béèrè ni ọjọ́ orí tí kò dín ní 40 ọdún tí kò sì ju 70 lọ, ìwà rere, ìlera tí dókítà mẹ́ta jẹ́rìí sí, àti pé kí ẹni náà máa gbé nínú orílẹ̀-èdè. Kò béèrè ibi tí ó ti ń gbàdúrà. Kò sí òṣìṣẹ́ ìdìbò tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ìwé ẹ̀gbọ́n yín padà nítorí pé kò lẹ́sìn.

Ibòmíràn ni wàhálà wà. Nínú ìdìbò kọ́múùnù, ẹgbẹ́ òṣèlú ni ó ń to orúkọ, àmì ẹgbẹ́ ni olùdìbò sì ń yàn lórí ìwé ìbò. Kí ará àdúgbò tó sọ tẹnu rẹ̀, àwọn tí ó ń to orúkọ ti sọ tiwọn, ìwádìí tiwọn sì le ju ti ará ọjà lọ: ta ni yóò kó èrò wá, ta ni àwọn pásítọ̀, àwọn ààfáà àti àwọn olórí àdúgbò kò ní bínú sí, ta ni yóò fi owó sí ìpolongo. Ẹni tí kò bá sí nínú ìjọ kankan kò ní èrò tí ó ti jókòó dè é ní ọjọ́ Jímọ̀ tàbí ní ọjọ́ Àìkú. Lójú tèmi, èyí ni ó nira jù fún irú ẹ̀gbọ́n yín, ó ju ọ̀rọ̀ bóyá ó gbàgbọ́ tàbí kò gbàgbọ́ lọ. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ni. Àwọn òbí tí ó ti bá tọ́ ọmọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ tí wọ́n ti di onímọ́tò, aránṣọ àti oníṣòwò, àwọn ni kí ó fi han ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó bá fẹ́ gbà á.

Ní ti àwọn olùdìbò fúnra wọn, ẹ̀sìn ẹlòmíràn kì í dẹ́rù ba ará Àjàṣẹ́. Mọ́sáláṣí ńlá tí àwọn Àgùdà tí ó padà dé láti Bràsíìlì kọ́ sí ìlú náà jọ ṣọ́ọ̀ṣì tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò fi máa ń béèrè lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gbà. Ní ìlú yìí kan náà ni Samuel Oshoffa ti dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run sílẹ̀ ní 1947, bí Sàǹgbétò, egúngún olùṣọ́ òru, bá sì jáde, àti Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ni ó ń wò ó. Nínú ìkànìyàn ọdún 2013, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn orílẹ̀-èdè wa, 48.5 pe ara wọn ní Kìrìsìtẹ́nì, 27.7 ní Mùsùlùmí, 11.6 ní ẹlẹ́sìn vodun, 5.8 sì sọ pé àwọn kò ṣe ẹ̀sìn kankan. Ẹ̀gbọ́n yín kò dá wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn 5.8 yìí kì í pe ìpàdé.

Síbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ẹlẹ́sìn mìíràn, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí kò ní rárá. Ará ọjà mọ̀ pé ààfáà bẹ̀rù Àlùkùránì, ó mọ̀ pé ọmọ Ògún bẹ̀rù irin, ó sì mọ ohun tí òun lè fi mú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn búra. Ìbéèrè tí ó ń béèrè nínú ara rẹ̀ nípa ẹ̀gbọ́n yín ni pé: kí ni ẹni yìí bẹ̀rù? Bí ó bá kówó ọjà jẹ, ta ni yóò mú un? Kí ẹ̀gbọ́n yín má ṣe fi ìbéèrè yìí ṣe ẹlẹ́yà, nítorí kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó gbé ìwé mímọ́ lọ́wọ́ búra ni ó ti kówó jẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí ń wá ìbò kọ́ ni ó yẹ kí ó máa pariwo ìyẹn. Kí ó sọ bí yóò ṣe máa ka ìnáwó fún àdúgbò, níbo, lẹ́yìn oṣù mélòó, àti ẹni tí yóò bá a ṣọ́ ọ. Ìdáhùn tí olùdìbò lè dì mú nìyẹn.

Àwọn kan yóò ní ṣebí Mathieu Kérékou, Ààrẹ wa àtijọ́, ṣèjọba láìfi ti ẹ̀sìn ṣe. Ó kéde ìlànà Marx àti Lenin, tí kò ka ẹ̀sìn sí, ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 1974, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbọn ni ó gbé e dé orí àga ní 1972, kì í ṣe ìbò. Nígbà tí ìlànà náà dàrú, bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì kan, Isidore de Souza, ni wọ́n fi ṣe alága Àpérò Àpapọ̀ ti oṣù Kejì 1990, níbi tí a ti jíròrò ọjọ́ iwájú orílẹ̀-èdè. Ní 1991 tí a dìbò ní òmìnira, Soglo ni ó wọlé. Kérékou padà nípasẹ̀ ìbò ní 1996, nígbà tí ó ti di Kìrìsìtẹ́nì, n kò sì ní sọ pé ẹ̀sìn ni ó gbé e padà, nítorí owó sẹ́fà tí wọ́n gé sí ìdajì ní oṣù Kìn-ín-ní 1994 ti ba ọ̀pọ̀ ilé nínú jẹ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi Kérékou ṣe ẹ̀rí, yálà fún ẹlẹ́sìn tàbí fún aláìlẹ́sìn.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín gbé yẹ̀ wò wá láti Bràsíìlì. Ní 1985, Fernando Henrique Cardoso ń du ipò olórí ìlú São Paulo. Nínú ìjíròrò orí tẹlifíṣọ̀n, akọ̀ròyìn kan bi í bóyá ó gba Ọlọ́run gbọ́. Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ń rojọ́ pé wọ́n ti ṣèlérí pé wọn kò ní béèrè bẹ́ẹ̀. Jânio Quadros fi ìbò díẹ̀ borí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ka ìdáhùn yẹn mọ́ ohun tí ó gbé e ṣubú. Ní 1994, orílẹ̀-èdè kan náà yàn án ní Ààrẹ, nítorí òun ni ó jẹ́ mínísítà ìṣúná nígbà tí wọ́n gbé ètò owó tuntun kalẹ̀, èyí tí ó dá ọ̀wọ́n-gógó dúró. Mo rò pé kíkọ́lọ̀lọ̀ ni àwọn ará São Paulo kò fẹ́, ju àìgbàgbọ́ fúnra rẹ̀ lọ.

Ìdí nìyí tí n kò fi gbè sẹ́yìn àwọn àgbà ilé yín lórí ọ̀rọ̀ fọ́tò, pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tí ó tọ́ sí wọn. Àwọn tí ó wà nínú ìjọ náà yóò mọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní pé ìbò ni ó bá wá, ẹni tí a bá sì ti mú níbi irọ́ ẹ̀sìn, ta ni yóò gba ìṣirò owó rẹ̀ gbọ́? Kí ó máa lọ kí àwọn ènìyàn ní Iléyá àti ní Kérésìmesì, kí ó lọ síbi ìsọmọlórúkọ àti ìsìnkú, kí ó dákẹ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbàdúrà. Bí wọ́n bá bi í, kí ó fi gbólóhùn kan ṣoṣo dáhùn, kí ó sì padà sórí gọ́tà, ọjà, ìwé ọjọ́ ìbí àti yàrá ìkàwé, nítorí iṣẹ́ ìgbìmọ̀ kọ́múùnù nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé orílẹ̀-èdè kan wà tí ará ìlú ti mọ̀ pé ẹnì kan kò lẹ́sìn, tí wọ́n sì yàn án síbẹ̀? Ẹnu ya àwa tí a jọ ń jiyàn ní Kétu níbí. (Òǹkàwé, Kétu)

ÌDÁHÙN: Wọ́n pọ̀. Ní Chile, níbi tí Kátólíìkì ti pọ̀ jù, Michelle Bachelet di Ààrẹ ní 2006, ó sì tún padà ní 2014, bẹ́ẹ̀ ni ó ti sọ ọ́ pé òun kì í ṣe onígbàgbọ́. José Mujica di Ààrẹ Uruguay ní 2010. Julia Gillard di olórí ìjọba Australia ní ọdún kan náà. Alexis Tsipras kọ̀ láti búra lọ́nà ìjọ nígbà tí ó di olórí ìjọba ilẹ̀ Gíríìsì ní 2015. Keir Starmer sì di olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2024. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà ni Charles Bradlaugh, ẹni tí kò gba Ọlọ́run gbọ́, ti jìyà. Àwọn ará Northampton yàn án sí ilé aṣòfin ní 1880, ilé kò jẹ́ kí ó jókòó nítorí ọ̀rọ̀ ìbúra, àwọn olùdìbò rẹ̀ sì ń tún un yàn léraléra títí wọ́n fi gbà á ní 1886. Ní 1888 ni òfin wá jẹ́ kí aṣòfin lè ṣe ìlérí láìdárúkọ Ọlọ́run.

Amẹ́ríkà ni ó lọ́ra jù nínú wọn. Òfin-ìpìlẹ̀ wọn ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kí a má fi ẹ̀sìn dán ẹnikẹ́ni wò kí ó tó gba ipò, síbẹ̀ ó di 1961 kí ilé-ẹjọ́ tó ga jù tó dá Roy Torcaso láre, ẹni tí ìpínlẹ̀ Maryland fi ipò dù nítorí pé kò fẹ́ sọ pé òun gba Ọlọ́run gbọ́. Nígbà tí Gallup, ilé-iṣẹ́ tí ń wádìí èrò ará ìlú, béèrè ní 1958, 18 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó lè dìbò fún ẹni tí kò gba Ọlọ́run gbọ́. Ní 2020 ó ti di 60. Ẹ kíyè sí ohun kan: Pete Stark, aṣòfin láti California, ti wà nílé aṣòfin láti 1973 kí ó tó sọ tirẹ̀ jáde ní 2007, Jared Huffman pẹ̀lú ti wà níbẹ̀ kí ó tó sọ tirẹ̀ ní 2017. Àwọn ènìyàn ti mọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn kí wọ́n tó mọ èyí.

Nílẹ̀ Áfíríkà, ohun tí a rí tí ó sún mọ́ ọn ni ti Léopold Sédar Senghor, Kátólíìkì tí ó ṣe Ààrẹ Senegal láti 1960 títí di 1980, níbi tí Mùsùlùmí ti pọ̀ jù. Ẹlẹ́sìn ni òun, nítorí náà kò dáhùn ìbéèrè yín tán.

ÌBÉÈRÈ: Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá di Ààrẹ ilẹ̀ Benin ńkọ́? Ṣé kò ní búra ni? (Ọmọ Sábẹ́)

ÌDÁHÙN: Dandan ni kí ó búra, ìbúra wa sì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Abala 53 ní kí Ààrẹ búra níwájú Ọlọ́run, níwájú ẹ̀mí àwọn baba ńlá wa, níwájú orílẹ̀-èdè àti níwájú àwọn ará Benin. Ní oṣù Kẹrin 1996, Kérékou fo ti àwọn baba ńlá, nítorí pé ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kò jẹ́ kí ó lè sọ ọ́. Ilé-ẹjọ́ Òfin-Ìpìlẹ̀ ní ìbúra náà kò pé, wọ́n sì mú kí ó tún un ṣe pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ wò ó bí ó ti rí: ẹlẹ́sìn ni ó kọ́kọ́ kọsẹ̀ lára ìbúra wa, kì í ṣe aláìlẹ́sìn.

Ní Nàìjíríà, ẹni tí kò bá fẹ́ búra lè ṣe ìlérí lásán, òfin sì gbà á. Tiwa kò ní ọ̀nà méjì. Abala 156 sọ pé a kò lè fi àtúnṣe òfin yí ipò ìjọba tí kò fi ẹ̀sìn ṣe tirẹ̀ padà láéláé, ṣùgbọ́n kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti tún ọ̀rọ̀ inú ìbúra ṣe. Títí tí àwọn aṣòfin ní Àjàṣẹ́ yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀, Ààrẹ tí kò lẹ́sìn gbọ́dọ̀ dárúkọ Ọlọ́run àti àwọn baba ńlá láìfo ọ̀kankan. Òfin kò ní bi í bóyá ó gbà wọ́n gbọ́.